Ìwé tó sọ pé AA ni ọkọ mi: ohun tí ojú mi rí àti ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti bí SS, ìyẹn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àti ẹ̀yin AS tí ẹ ṣì ń wá ẹni tí ẹ máa fẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Jínótáìpù ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: AA ò ní S kankan, AS ní ẹyọ kan, SS ní méjì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ta mí lára, nítorí náà bí ohùn mi bá lọ sókè níbì kan, ẹ má bínú.

AS ni mí. Mo ti mọ̀ láti ilé ìwé girama, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí ọkọ mi wá bá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í nìyẹn. Ó mú ìwé láábù jáde: AA. Ó ní òǹtẹ̀, ó ní ìbuwọ́lù. Ṣọ́ọ̀ṣì béèrè ìwé kí wọ́n tó so wá pọ̀, a fún wọn, wọ́n wò ó, wọ́n yọ̀ fún wa. AA àti AS kì í bí SS. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni.

Ọmọ dé, ara rẹ̀ le. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọkọ mi fọwọ́ pa á létí, wọ́n ní etí bàbá ọkọ mi tó ti lọ gan-an lọmọ gbé wá. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀hún wú bíi búrẹ́dì inú ààrò, ó ń dán, kò fẹ́ kí aṣọ pàápàá kàn án. A fi àdí pa á. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé kí ló dé tí a ò gbé e lọ sílé ìwòsàn. A gbé e lọ! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ tán tí a fi dé ibẹ̀.) Dókítà kàn wo ọwọ́ yẹn, ó ní ká lọ ṣe jínótáìpù ọmọ. SS.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé irú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ọmọ ń lò nínú oyún, òun ló máa ń bò ó láṣìírí lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá ti ń tán lára rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ àgbà ń gbapò, ìgbà yẹn ni fòníkú-fọ̀ladìde ń yọjú.

Kì í ṣe SS yẹn ló dùn mí jù o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí.

Ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màámi, ti Ọ̀yọ́ wá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tẹ̀ lé wọn. Mo gbé omi fún wọn, wọn ò mu ún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹ́ ìwé AA yẹn sórí tábìlì, wọ́n fi ìka tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n tún tẹ èkejì. "Ìyàwó, A rèé. A rèé. Níbo lọmọ yìí ti rí S kejì?" Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọmọ wà lẹ́yìn mi, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Mo ní, "Àǹtí mi, mi ò mọ̀." Mi ò sì mọ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún mú ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ wá (blood group, ó yàtọ̀ sí jínótáìpù), wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́ O, ọkọ mi jẹ́ A, èmi jẹ́ B, ṣé afẹ́fẹ́ ló gbé O wọlé ni? Màámi ní, "Ìyá ọmọ ló mọ bàbá ọmọ. Sọ ọ́ fún wa, a ò ní bínú." Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń wo fóònù tí iná rẹ̀ ti kú. Màámi wá ní kí n tú ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n wo etí rẹ̀. Mo tú u. Wọ́n wò ó lápá ọ̀tún, wọ́n wò ó lápá òsì. Wọ́n ní, "Etí gbogbo èèyàn ló rí báyìí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọkọ mi lọ sí láábù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní AS ni ọkọ mi níbí, wọ́n ní AS ni lọ́hùn-ún. Màámi ti wá bẹ̀ mí. Ọmọ ń lo pẹnisílìnì láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń lo fólíìkì ásíìdì àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, ó ti ń rìn. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ kìíní, bí ẹ ò bá tiẹ̀ mú òmíràn: ẹ tún àyẹ̀wò ṣe. Ẹ̀yin méjèèjì, láábù méjì tí kò mọ ara wọn. Ẹ má ní kó mú ìwé wá. Ẹ jọ lọ, kí ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò kí ẹ tó dìde lórí àga. Ọ̀gá láábù kejì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan, wọ́n á fi iná mànàmáná fà á. A ló ń sáré jù, S tẹ̀ lé e, C, tí òun náà jẹ́ irú mìíràn bíi S, ló ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ìlà méjì ló máa yọ. Bí ẹni tó ń kà á bá ń kánjú, tàbí tí wọ́n fi ìgò ẹnì kan pe ti ẹlòmíì, AS di AA lórí ìwé nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá sì fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún un lẹ́jẹ̀ lè wà nínú ohun tí láábù ń kà. Èwo ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi? Láábù tó kọ AA fún un ò dá wa lóhùn.

Ẹ̀kọ́ kejì: S méjì kì í ti ọwọ́ ẹnì kan wá. Lẹ́tà méjì méjì ni kálukú ní, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tí AS máa fún ọmọ lè jẹ́ A, ó lè jẹ́ S, kò sì sẹ́ni tó ń ṣà á. Ọ̀rọ̀ O náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ A lè ní O lábẹ́, ẹni tó jẹ́ B náà lè ní in. Bí àwọn méjèèjì bá fi O sílẹ̀, ọmọ á jẹ́ O. Gregor Mendel, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kan, ti fi èso píìsì (irú ẹ̀wà kan) rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1866: àwọ̀ tó pamọ́ sára ọmọ tún ń yọ lára ọmọ-ọmọ. Wọ́n ti mọ èyí kí wọ́n tó bí ìyá Màámi.

Kí ẹ sì gbọ́ o, AS tí wọ́n rí lára ọkọ mi nìkan ò fi hàn pé òun ló bímọ. Ohun tó fi hàn ni pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ DNA, kó lọ sanwó rẹ̀.

Ta ló wá fún ọkọ mi ní S? Bàbá rẹ̀ ni tàbí ìyá rẹ̀. Orúkọ àbíkú ni ọkọ mi ń jẹ́ (ẹ má bi mí pé èwo), nítorí ọmọ méjì kú ṣáájú rẹ̀. Mi ò lè búra lórí ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n látìgbà tí èsì AS ti dé, Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ S mọ́. Pásítọ̀ kan ní èpè ìdílé ni. Èpè wo? AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Anthony Allison, ti fi hàn láti 1954, ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní "SS ti jáde, ó ku mẹ́ta tó máa dáa." Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni SS fún AS méjì. Oyún tó ń bọ̀ ò mọ èyí tó lọ. Ẹ má sì wo S nìkan, C wà láàárín àwa Yorùbá: AS àti AC lè bí SC, àìsàn sì ni.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni pé kí ẹ tún àyẹ̀wò ṣe. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Bí ọkọ mi bá jẹ́ AS, àwọn àbúrò rẹ̀ náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí obìnrin ti lọ. Èyí ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó lọ́dún yìí ò tíì lọ, AS sì ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ó ní òun ti ní ìwé. Mo tún pè é láàárọ̀ yìí, kò gbé e. Ọmọbìnrin yẹn ni mo máa pè báyìí.