Ẹ dá tẹmọ́sítáàtì padà kẹ́ ẹ tó máa bá epo jà

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, tí lítà kan fò láti bíi náírà 185 sí 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ohun tí wọn ò tíì gbé wá tà fún onímọ́tò: mágnẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù epo, kánfọ̀ tí wọ́n ń jù sínú táǹkì, jáà omi tí wọ́n ní ó ń di gáàsì. Ọ̀pọ̀ Corolla tòkúnbọ̀ tó ń jẹ epo bí ẹni ń jẹ̀kọ, ohun tí mẹkáníìkì yọ kúrò lára rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Tẹmọ́sítáàtì ni.

Fáàfù kékeré ni, tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó. Ti ẹ́ńjìnì 1ZZ inú Corolla 2003 sí 2008 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là bí ìgbóná omi bá dé nǹkan bí 80 sí 84 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ọkọ̀ bá hó lẹ́ẹ̀kan, mẹkáníìkì á ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, á yọ ọ́ sọnù. Rewáyà á tún so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí látìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣíná ọkọ̀. Ọkọ̀ ò ní hó mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń sáré lórí ẹ̀spùrẹ́ẹ̀sì, ìgbóná omi inú ẹ̀ lè má kọjá 60. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa bu epo lé epo. Òróró ẹ́ńjìnì ò ní ṣàn bó ṣe yẹ, epo tí kò jó tán á sì máa jò sínú ẹ̀. Nígbà míì iná ẹ́ńjìnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú kóòdù P0128, tó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnì ò gbóná tó. Mẹkáníìkì á kàn pa iná náà ni.

Kẹ́ ẹ tó tú nǹkankan, ẹ ra ẹ̀rọ ELM327 kékeré, tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ sórí fóònù. Ẹ tì í bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi orúnkún awakọ̀, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Bí ìgbóná omi ò bá dé 80, tẹmọ́sítáàtì ò sí níbẹ̀, tàbí kó ti là sílẹ̀ kó má padé mọ́.

Bẹ́ ẹ bá ra tuntun, ẹ dán an wò nínú ìkòkò, nítorí ayédèrú kún ọjà. Ẹ fi òwú gbé e kọ́ sínú omi tútù kó má fara kan ìdí ìkòkò, ẹ ki ohun tí a fi ń wọn ìgbóná bọ omi náà, ẹ wá dáná sí i. Ní 80 sí 84, ẹnu ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀díẹ̀. Kí omi tó hó, ó ti gbọ́dọ̀ yà gbàgà. Èyí tó là ní 70 kò wúlò. Èyí tí kò là rárá ló burú jù, òun ló ń se ẹ́ńjìnì jinná.

Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fi í sí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá. Ẹ ṣí ìdí rédíétọ̀ kí omi dà jáde, ẹ wá tọpa họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ dé ara ẹ́ńjìnì. Níbi tó parí sí, nítòsí ọtanétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀), ẹ ó rí ìdérí kan tí nọ́ọ̀tì méjì dè, sípánà 10 ló ń tú u. Rọ́bà tuntun ni kẹ́ ẹ fi yí tẹmọ́sítáàtì ká. Ẹ wo ihò kékeré kan lára ẹ̀ tí nǹkan ń mì jẹ́jẹ́ nínú ẹ̀: òkè ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bó bá wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há, ọkọ̀ á hó, wọ́n á sì ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan bíi lítà 6 àti ààbọ̀ ni gbogbo omi tó ń yí káàkiri. Ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi bátìrì tí kò ní ásíìdì. Omi kànga ló ń dógùn-ún sínú rédíétọ̀. Ẹ rọra bù ú, ẹ máa fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè, ẹ ṣí ẹ̀rọ ooru inú ọkọ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró títí fáànù á fi tan, kó tún kú, lẹ́ẹ̀mejì fúnra ẹ̀. Fúnra ẹ̀ o: kí rewáyà ti tú dáírẹ́ẹ̀tì yẹn, kó dá rìléè, ìyẹn ohun tó ń tan fáànù tó sì ń pa á, padà.

Bó bá tún wá hó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ìdọ̀tí ti dí rédíétọ̀, tàbí ìdérí ẹ̀ ò dì mọ́, tàbí afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n yọ tẹmọ́sítáàtì lákọ̀ọ́kọ́ kí wọ́n má bàa wá ìdí ọ̀kan nínú mẹ́ta wọ̀nyí ni.

Àwọn ohun tó kù tó ń dín epo kù kò le tó bẹ́ẹ̀. Gééjì táyà tiyín ni kẹ́ ẹ rà, gééjì fọkanáísà kò ṣe é gbọ́kàn lé. Òwúrọ̀ kí táyà tó gbóná lẹ wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ lẹ ó sì tẹ̀ lé. Ṣénsọ̀ afẹ́fẹ́, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, tó wà lẹ́yìn ilé fíltà, ẹ tú ìdè méjì, ẹ fọ́n oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún un sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí bẹntiróòlù kàn án, wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín gan-an. Ẹ tú irin ẹrù tó wà lórí òrùlé bí ẹ kò bá kẹ́rù. Èyí kì í ran ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀nà Ìbàdàn ń mọ̀ ọ́n, torí bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Pépà tí wọ́n ń fi dí ojú gíríìlì ní ilẹ̀ òtútù, ẹ má dán an wò níbí.

Ní ti jáà omi, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bó bá ń fa iná áńpù 20 ní fóòtì 14, wáàtì 280 nìyẹn. Kí ọtanétọ̀ tó rí ìyẹn fún wákàtí kan, ẹ́ńjìnì á ti jó epo tó tó nǹkan bíi mìlílítà 200. Gáàsì tí jáà náà á fún yín padà, agbára ẹ̀ kò tó ti mìlílítà 20. Ta ló jèrè?

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá àtúnṣe yín dín epo kù, ẹ kún táǹkì títí ẹnu nọ́súlù á fi gé, ẹ sọ òǹkà ìrìnàjò di òdo, kẹ́ ẹ rìn tó 300 kìlómítà, kẹ́ ẹ tún kún un ní ilé epo kan náà, ní pọ́ǹpù kan náà. Ẹ fi lítà pín kìlómítà. Táǹkì mẹ́ta ṣáájú àtúnṣe, mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀. Bí iye náà ò bá sún rárá, tí fóònù sì ń fi hàn pé kọ̀ǹpútà ń fi kún epo ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lẹ́yìn ṣénsọ̀: họ́ọ̀sì ńlá onírọ́bà yẹn sábà máa ń sán nínú ìṣẹ́po ẹ̀, níbi tí ojú kò tó.