Omi tó ní déètì

Ẹsẹ̀ ń ro mí, bàtà mi ṣì tutù rinrin lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ ọ́ kí n tó sùn, torí tó bá fi di ọ̀la mi ò ní kọ ọ́ mọ́, mo mọ ara mi.

A lọ wo Mardalsfossen lónìí, omi kan tó ń já bọ́ látorí òkè níbí ní Norway, èmi àti Àǹtí. Láti ìlú Molde la ti gbéra. Tí mọ́tò bá ti dé etí adágún omi Eikesdalsvatnet báyìí, ọ̀nà á tín-ín-rín, òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, o ò ní mọ èwo lo fẹ́ wò nínú méjèèjì, Àǹtí ṣáà ń pariwo pé kí n yé sọ̀rọ̀ kí wọ́n ráyè wa mọ́tò wọn.

Ojú títì lèèyàn ti máa ń kọ́kọ́ rí i. Funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, gíga gbogbo ẹ̀ lé ní 600 mítà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló já o, ó já, ó sinmi díẹ̀, ó tún já. A rìn gba inú igbó lọ sí ìdí ẹ̀, òkúta àti gbòǹgbò igi lójú ọ̀nà, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé ibẹ̀ mo ti ń ro pé òjò ló ń rọ̀, àṣé omi ọ̀hún ni, atẹ́gùn ló ń fọ́n ọn kiri. Gíláàsì ojú mi kún fún omi, mo nù ún, ó tún kún, mo bá yọ ọ́ sápò. Tó o bá tẹjú mọ́ omi yẹn dáadáa wàá rí i pé kì í bọ́ lulẹ̀ tààrà, atẹ́gùn á gbá a, á yà sápá ọ̀tún, apá kan lára ẹ̀ á ti túká kó tó kan àpáta. Ariwo ẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ lèmi àti Àǹtí fi ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn wá nìyí: omi yìí ní déètì. 20 oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣí i, tó bá di 20 oṣù kẹjọ wọ́n á tì í pa. Mi ò ṣàwàdà o. Ìyókù ọdún, abẹ́ òkè ni wọ́n ń darí omi ẹ̀ gbà lọ sí ilé iṣẹ́ mànàmáná Grytten, ní Rauma, kó lọ yí ẹ̀rọ tó ń fún wọn níná. Èmi ọmọ abẹ́ NEPA, mo mọ mímú wá, mo mọ mímú lọ, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n ń ṣe é fún níbi tí mo ti wá, mi ò rò ó láé pé wọ́n lè máa tan omi orí òkè kí wọ́n tún máa pa á.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn èèyàn dákẹ́. Ní 1970 wọ́n gun òkè yẹn lọ, wọ́n pàgọ́ síbẹ̀, àwọn kan fi ṣéènì so ara wọn mọ́lẹ̀ kíṣẹ́ àtidarí omi yẹn má bàa lè tẹ̀ síwájú. Arne Næss, ọ̀jọ̀gbọ́n filọ́sọ́fì tó tún jẹ́ agunkè, wà láàárín wọn. Ọlọ́pàá ló wá ń gbé wọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n ṣe é náà ni, ní 1975 ilé iṣẹ́ iná bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Rauma lápá kejì ò bá àwọn alátakò ṣe ní tiwọn, iṣẹ́ àti owó ni wọ́n ń wò, mi ò sì lè bá wọn wí.

Mo wá ní, “Àǹtí, ẹ ò rí i pé ìkà nìyí?” Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. “Ìwọ tó ò ń tan hítà láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù karùn-ún?” Kí ni mo fẹ́ sọ? Nínú iná mẹ́wàá tí wọ́n ń lò ní Norway, bíi mẹ́sàn-án ló ń ti ara omi wá. Ìrẹsì tí mo sè lálẹ́ yìí wà níbẹ̀. Mọ́tò tó gbé wa lọ gan-an, kò mu epo rí, iná ni wọ́n ń kì í.

Síbẹ̀ oṣù méjì kéré jàre. Oṣù karùn-ún tí yìnyín orí òkè bá ń yọ́ lọ́tùn-ún lósì, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó máa bú ramúramù, abẹ́ òkè ló ń bá lọ. Àfi bíi pé torí àwa àlejò tó ń wá ya fọ́tò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ṣe ń ṣí i, àwọn tó ń gbé àfonífojì yẹn látọdúnmọ́dún wá ńkọ́? Wọ́n ò ṣáà ṣe bẹ́ẹ̀ sí Vettisfossen, omi míì tó ń já látorí òkè ní àfonífojì Utladalen. Ibẹ̀ já tó 275 mítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti 1924 ni wọ́n sì ti fòfin dáàbò bò ó, bẹ́ẹ̀ ìlú Årdal tó wà nítòsí ẹ̀ yẹn, alumíníọ́mù tí wọ́n ń fi iná omi yọ́ ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n lo omi míì, wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo ti sọ fún Àǹtí pé mo fẹ́ padà lọ lẹ́yìn 20 oṣù kẹjọ, kí n lọ wo bí àpáta yẹn ṣe ń rí tí wọ́n bá ti omi tán. Wọ́n ní àwọn ò ní wa mọ́tò lọ sí Eikesdal torí òkúta gbígbẹ, kí n wá ẹlòmíì tó máa gbé mi. Ẹni tó bá ní mọ́tò ní Molde, tó sì fẹ́ràn òkúta, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.