Ọmọ Ìbàdàn mọ ìgbálẹ̀, ọmọ Manchester mọ ibi tí ìdọ̀tí ń lọ

Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ n'Íbàdàn, ìgbálẹ̀ wà lára ohun tí òbí gbọ́dọ̀ rà kí sáà tó wọlé. Kí aago tó lù láàárọ̀, a ti gbá kíláàsì, a ti gbá ìta, ojú ìgbálẹ̀ á là gbọọrọgbọọrọ lórí yẹ̀pẹ̀. Bí koríko bá ga, a ó mú àdá wá láti ilé, tísà á fi ẹsẹ̀ wọn pọ́ṣọ̀n kálukú fún un. Ní Manchester tí àwọn ọmọ mi ti ń kàwé, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń wá gbá ilé ìwé nígbà tí ọmọ bá ti lọ sílé. Àkọ́bí mi ti fẹ́ jáde pírámárì, kò tíì gbá kíláàsì rí. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, mo sì ti sọ ọ́ fún tísà rẹ̀.

Àmọ́ wọ́n ń kọ́ wọn ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa. Ní England, ìjọba ń fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ní èso jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwé. Nílé ìwé àwọn ọmọ mi, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í bá ìdọ̀tí yòókù lọ. Àpótí ńlá kan wà lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ń kó o sí kó lè jẹrà. Nígbà ooru, àwọn ọmọ náà ló ń bù ú sídìí tòmátì tí wọ́n gbìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ki ọwọ́ bọ inú ilẹ̀dú yẹn, á rí ekòló, á sì mọ ibi tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wọlé sí. Ilé ìwé náà wà nínú Eco-Schools, ètò tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìtọ́jú àyíká, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, tí àjọ Keep Britain Tidy ń bójú tó ní England. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń ṣe ìgbìmọ̀, àwọn ló ń yẹ ilé ìwé wò, tí wọ́n ń sọ ibi tí iná ti ń jó lásán. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á tún bá a bẹ́ẹ̀: bébà nínú ike aláwọ̀ búlúù, ìgò àti agolo nínú ti bíráùn, oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú ti aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ á sì wá kó o.

Àwa ńkọ́? A gbálẹ̀ tán, a kó o lọ sẹ́yìn kíláàsì, a ṣáná sí i. Tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èéfín á gba ojú fèrèsé wọlé, tísà á máa wúkọ́, àwa náà á máa wúkọ́. Èyí tí a kò bá jó, gọ́tà ló ń lọ. Odò Ògùnpa n'Íbàdàn ya wọlé lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Omíyalé tún dé lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a dà sódò wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Àwọn tísà wa tí ọ̀rọ̀ Ògùnpa ṣojú wọn kò so ó mọ́ ìgbálẹ̀ ọwọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń ní kó lọ ṣán koríko, ìmọ́tótó wá di ìyà lójú wa.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, àwọn àgbà á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sẹ́bàá títì. Kò séni tó máa wá kó o, òjò á sì gbá a padà. Kí la fẹ́ kí ọmọ tó ń wò wá kọ́ níbẹ̀?

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ń dáwó géètì lọ́wọ́ báyìí. Mo ti dábàá pé kí géètì dúró ná, ká sanwó fún ọkọ̀ tí yóò máa wá kó ìdọ̀tí ní Jímọ̀-Jímọ̀, ká sì ra dúrọ́ọ̀mù méjì: ọ̀kan fún ewé àti èèpo, ọ̀kan fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, torí àwọn tó ń fi kílò ra ọ̀rá wà nígboro. Kí owó ọ̀rá náà jẹ́ ti àwọn ọmọ, kí wọ́n fi ra irúgbìn.