Ọkọ̀ tí wọ́n ní kí n tà fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Láàárọ̀ yìí ni Hilux mi, àgbà ọkọ̀ 1996, jáde nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà oko kan nítòsí Adó-Àwáyè láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í.

Wẹ́dà ti fi irin kún síprìn ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ga sókè dáadáa. Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ni mo ti ra táyà eléyín ńlá. Èló? Ẹ má bi mí, ìyàwó mi ń ka ibí yìí.

Nígbà tí ẹrẹ̀ mu táyà dé ìdajì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tú afẹ́fẹ́ wọn sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè tẹ́ lórí ilẹ̀. Ṣííì! Mo fa ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ jíà sí 4L, ìyẹn jíà alágbára tó ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ kùn, ó gbọ̀n, ẹrẹ̀ pupa bo gíláàsì iwájú pátápátá, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Àfi ariwo àwọn ọmọ tó ń wòran ni mo gbọ́: "Ó ti jáde!"

Mo pe mẹkáníìkì mi láti yangàn. Ohun tó sọ ò ju: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ táyà yẹn padà kí ẹ tó gun ọ̀dà o."

Ta ló tún ní àgbà ọkọ̀ tó ń wọ igbó níbí? Kí lẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ lára tiyín?