Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sípíkà Òsì

Ó pé ọjọ́ 19 lónìí tí etí òsì mi ti ń hó. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbé omi kaná nínú yàrá kejì tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀: kò lọ sókè, kò rọlẹ̀, kò dákẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí ni mo ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ wo àwọn ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì àti hardcore (orin gìtá àti ìlù tó yára, tó sì le) nínú gbọ̀ngàn kékeré ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí: àjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanni lórí, pèpéle tí kò ga ju orúnkún lọ, ògiri tó ń làágùn, àti àwọn olórin tó sún mọ́ yín débi pé ẹ lè fọwọ́ kan okùn gìtá wọn. Ẹ mọ ìdí tí a fi ń lọ. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má lọ mọ́.

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ eré tó dá èyí sílẹ̀, ti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló ń dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan jókòó síbẹ̀, òun ló ń lu òǹtẹ̀ sí wa lọ́wọ́. Abọ́ kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó kún fún ìdetí, àwọn fóòmù kéékèèké aláwọ̀ ọsàn yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ó na abọ́ náà sí mi, ó ní, “Àbúrò, mú méjì.” Mo ní, “Ẹ ṣeun mà, mi ò nílò ẹ̀.” Ó tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló máa ṣeré lálẹ́ yìí o. Ṣé ó dá ẹ lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Mo ti wọlé kí ó tó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Kì í ṣe agídí lásán. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń retí ẹgbẹ́ tó máa kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ ọ̀rọ̀ orin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tó bá dí etí níwájú irú orin yẹn dà bí ẹni tó fẹ́ fi òjò wẹ̀ tó sì gbé agbòjò dání.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ṣe tiwọn, ó dùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ kejì ń ṣeré, mo wọ agbo, àárín èrò níbi tí a ti ń fò tí a sì ń gbá ara wa bí orin ṣe ń lọ, mo ṣubú, ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ti gbé mi dìde kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ ni mo wà. Ẹ mọ òfin yẹn. Ẹni tó bá ṣubú, ẹni tó sún mọ́ ọn ni yóò gbé e. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ náà pé ìyà tó tọ́ sí mi ló jẹ mí, pé ìjà ni wọ́n ń jà níbẹ̀. Wọn ò dé ibẹ̀ rí. Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kẹrin fi jáde, èrò ti tì mí dé iwájú, lápá òsì, níbi tí sípíkà ńlá kan dúró sí lórí ẹsẹ̀ irin, tí ẹnu rẹ̀ bá etí mi dọ́gba. Mo rí i. Mo lè sún kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ni akọrin wọn ti máa ń na makirofóònù sí èrò, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ bó bá ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ní orin kẹfà tàbí ìkeje (orin wọn kì í pé ìṣẹ́jú méjì), akọrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na makirofóònù, ó sì wá bọ́ sí ẹnu mi gan-an. Gbogbo èémí tó wà nínú mi ni mo fi ké ìlà yẹn, àwọn èèyàn gun èjìká mi láti ẹ̀yìn, gbogbo wa ń ké e pa pọ̀. Mi ò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan wá fa makirofóònù náà. Mo dì í mú, mo yí pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu sípíkà. Ẹ mọ ohun tó kàn. Makirofóònù gbọ́ ohùn sípíkà, ó gbé e fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ fi kún un, sípíkà ké ju ti àkọ́kọ́ lọ, makirofóònù tún gbọ́ ìyẹn náà, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti di igbe kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Etí òsì mi ló wọ̀. Mo gbọ́ nǹkan kan bí ìgbà tí aṣọ ya nínú orí mi. Lẹ́yìn náà gbogbo apá òsì dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mi ò sì jáde. Èyí ni mo ń bá ara mi jà lé lórí jù. Orin bíi méje ṣì kù, mo dúró síbẹ̀, mo ń fò, mo ń fi etí kan gbọ́ ẹgbẹ́ tí mo ti ń retí fún ọdún méjì.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo rò pé jẹ́jẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi ní ṣe ni mò ń pariwo. Mo dùbúlẹ̀ ní nǹkan bí aago kan òru, mo pa iná, mo ń dúró kí gbogbo nǹkan dákẹ́. Kò dákẹ́. Mo dìde, mo yọ fíríìjì kúrò lára iná, mo rò pé òun ló ń dún. Mo pa fáànù. Mo fi ìrọ̀rí bo orí, ariwo náà tún wá le sí i, ìgbà náà ló yé mi pé inú mi lọ́hùn-ún ló ti ń wá. Mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn, mo sunkún. Ní aago mẹ́rin mo ṣì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: bó bá jẹ́ pé mi ò ní gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ mọ́ títí tí màá fi kú ńkọ́? Màmá mi pè mí láàárọ̀. Mo gbé fóònù sí etí òsì bí mo ṣe máa ń ṣe, ohùn wọn dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Mo gbé e sí ọ̀tún. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí ohùn rẹ rí báyìí?” Mo ní, “Kò sí nǹkan kan mà.” Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ kẹta mo lọ rí dókítà etí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, etí ọ̀tún pé, ti òsì wọlẹ̀ lápá ohùn òkè, ní 4,000 Hz, wọ́n ní agbègbè ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń kọ́kọ́ ba etí jẹ́. Wọ́n fún mi lóògùn. Ìgbọ́ràn mi ti ń padà bọ̀, híhó náà ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro: ẹ dí etí yín. Ẹ gba ìdetí tí wọ́n bá nà sí yín, bí kò bá sí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mú tiyín dání láti ilé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó wọ̀ yín lára. Bóyá ìṣirò á ràn mí lọ́wọ́. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, ní ariwo tó jẹ́ 85 dẹ́síbẹ́lì (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó), wákàtí 8 ni kéèyàn wà nínú rẹ̀ mọ lóòjọ́. Bí dẹ́síbẹ́lì 3 bá gun un, kí ẹ pín àkókò náà sí méjì. 88, wákàtí 4. 91, wákàtí 2. Bó bá fi máa dé 100, ó ti ku ìṣẹ́jú 15. Ẹgbẹ́ hardcore nínú gbọ̀ngàn kékeré máa ń kọjá 100 wẹ́rẹ́, ẹgbẹ́ mẹ́rin sì ni mo dúró tì. Ìṣẹ́jú 15 mi ti tán kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó parí, kí n tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà kankan rárá.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn olórin. Ìlù kò nílò iná mànàmáná kó tó pariwo. Onígìtá gbé tirẹ̀ sókè kí ìlù má bò ó, akọrin gbé tirẹ̀ sókè kí gìtá má bò ó, ògiri àti àjà sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí wa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gbọ́ “ẹ̀yìn ni màá dúró sí ní tèmi.” Ẹ dúró sẹ́yìn lóòótọ́, ẹ jìnnà sí sípíkà, ó dára. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kékeré, ohùn kì í dínkù bó ṣe ń dínkù ní ìta gbangba. Ẹ dúró sẹ́yìn, kí ẹ sì dí etí.

Nínú etí lọ́hùn-ún, nínú nǹkan kan tó ká bí ìkarahun ìgbín, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tín tí a fi ń gbọ́ràn wà, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bí wa. Bí ti ẹyẹ bá kú, òmíràn máa ń hù. Ti ènìyàn kì í hù. Bí etí yín bá ti dí lẹ́yìn eré tó sì là lọ́jọ́ kejì, ẹ má rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ dákun, ọ̀nà tí a ń gbà fi í sí etí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ló kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ihò. Ẹ fi ìka yí fóòmù náà títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gba ẹ̀yìn orí na ọwọ́ kejì, kí ẹ fa etí sókè àti sẹ́yìn, kí ihò rẹ̀ lè tọ́. Ẹ tì í wọlé, kí ẹ fi ìka dì í mú síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, títí yóò fi wú kún ihò náà. Ohùn tiyín yóò dún nínú orí yín bí ìgbà tí ẹ wà nínú àgbá. Ìgbà náà ló tó wọlé. Ẹ má fi tíṣù dípò rẹ̀, ariwo ń gbà á kọjá. Ẹni tó bá sọ pé fóòmù ń pa orin lára kò parọ́, ó máa ń gba ohùn òkè ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin wà, tó ń dín gbogbo ohùn kù bákan náà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ṣeré lórí pèpéle ló fi í sí etí. Ẹ wo etí onílù dáadáa nígbà míì.

Sí ẹni tó máa sọ pé ààbò kì í ṣe ti pọ́ǹkì: ní 924 Gilman, gbọ̀ngàn pọ́ǹkì kan ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1986, sára ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí ìwà ipá, kò sí ọtí, kò sí oògùn olóró. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Fugazi ṣì ń ṣeré, wọ́n máa ń dá orin dúró láàárín bí wọ́n bá rí ẹni tó ń ṣe ẹlòmíì léṣe nínú èrò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń tọ́jú ara wa. Àwọn ẹbí mi kan tó sì ní orin òyìnbó ló ba etí mi jẹ́, kí wọ́n lọ wádìí Bad Brains, ọkùnrin mẹ́rin aláwọ̀ dúdú láti Washington, tí hardcore kì bá tí rí bó ṣe rí bí kì í bá ṣe tiwọn.

Ẹ so okùn bàtà yín kó le. Ẹ yọ awò ojú kí ẹ tó wọ agbo. Bí nǹkan bá ṣe etí yín bíi tèmi, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má dúró de orin méje, kí ẹ sì lọ rí dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ ń padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ò tíì lè lọ. Ó yà sọ́dọ̀ mi lánàá, mo fún un ní ìdetí méjì, ó fẹ́ kì wọ́n sápò. Mo ní kó fi wọ́n sí etí níwájú mi. Ó kọ́kọ́ kàn tẹ̀ wọ́n mọ́ ẹnu ihò. Mo yọ wọ́n, mo yí wọn, mo fa etí rẹ̀ sókè, mo tì wọ́n wọlé fúnra mi, mo sì fi ìka dì wọ́n mú títí ó fi ní òun ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́.