Ohun tí wọ́n ní kí n kọ nípa Àkànní

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Òṣogbo. A kí ara wa dáadáa, wọ́n béèrè ọkọ mi, wọ́n béèrè òtútù, lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Àdùkẹ́, mo gbọ́ pé ẹ ti lọ forúkọ Àkànní sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé aláàbọ̀ ara ni. Ọmọ tó ń sáré, tó ń fò, tó ń jẹun? Èló gan-an ni wọ́n ń san fún yín lóṣù tí ẹ fi gbà kí wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ wa lára?” Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà.” Mi ò tíì pè wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn ni mò ń kọ síbí yìí, nítorí àwọn nìkan kọ́ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ilé. Iná, epo, ojú ọ̀nà, owó iléèwé, kò sí èyí tí mo fẹ́ tún rò lẹ́jọ́ nínú wọn. Jámánì ni mo wà láti 2016, ibẹ̀ ni mo bí Àkànní sí ní 2018. Omi ń yọ, iná kì í lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ló wà lọ́kàn mi.

Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí mo kọ́kọ́ fura. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀, kì í yíjú. Ó lè jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán kó máa to ìdérí ìgò tẹ̀ léra wọn, tí èèyàn bá sì fọwọ́ kan ọ̀kan, ẹkún dé. Màámi rí i lórí fídíò WhatsApp, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bàbá mi náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. A dúró ju ọdún kan lọ kí àyè tó yọ lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ gbà ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Mo mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ilé la wà. Ọmọ kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kì í sọ̀rọ̀, ó máa ń mì síwá mì sẹ́yìn. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wòlíì, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ àáfà, wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, a ò rí i níta mọ́. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Kò kàn sẹ́ni tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe ni.

Nílẹ̀ yìí, káàdì aláàbọ̀ ara kì í ṣe ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ tàbí tí ojú rẹ̀ fọ́ nìkan. Wọ́n ń fi òǹkà wọn ìnira, láti 20 dé 100, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹni tó bá dé 50 ló ń gba káàdì. Ní ti ọ́tísíìmù, orúkọ tí dókítà pè é kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n, bí kò ṣe bó ṣe ṣòro tó fún ẹni náà láti bá àwùjọ gbé. Tí ìnira náà bá kéré, 30 tàbí 40 ni. Tó bá wà láàárín, 50 sí 70. Tó bá le, 80 sí 100. Wọn kì í gba owó lórí fọ́ọ̀mù náà. Ìyá tàbí bàbá ló máa kọ ọ́, wọn á wá kọ̀wé sí àwọn dókítà ọmọ láti fi wò ó.

Èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, nítorí ẹnu ìyá kọ́ ló yẹ kó ba ọmọ jẹ́. Mo kọ pé ara rẹ̀ le, pé ó fẹ́ràn orin, pé ó ń gbìyànjú, pé a ti ń rí ìyàtọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, lẹ́tà dé: 40.

Obìnrin Jámánì kan tí a jọ máa ń dúró de ọmọ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ ló là mí lójú. Ọmọ tirẹ̀ ti pé ọdún méjìlá. Ó ní oṣù kan péré ni òfin fún mi láti kọ̀wé pé mi ò gbà, kí n má jẹ́ kó kọjá. Ó ní, “Má kọ ọjọ́ tó dára fún wọn. Ọjọ́ tó burú jù ni kí o kọ. Kọ ọ́ láti ìgbà tó bá jí títí dìgbà tó máa sùn.”

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo jókòó sídìí tábìlì ní kíṣìnnì. Mo kọ pé ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, ìlédìí ló ṣì ń lò. Mo kọ pé tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ ọwọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta bá dún, ó máa ń bu ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Àpá rẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì, ó yí i po bí ẹ̀gbà. Mo kọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já mọ́ mi lọ́wọ́ bọ́ sí títì. Mo kọ pé ó máa ń di aago méjì òru kó tó sùn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti fẹ́ kọ pé kò mọ ewu, bírò dúró lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an mo ti ki í. Bí màámi ṣe máa ń ki wa ni mo ń ki òun náà kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àkànní, ọkọ mi, ọmọ tó wọlé tí ilé kún. Orúkọ rẹ̀ kì í mú un yíjú, ṣùgbọ́n tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki í, ara rẹ̀ á rọ̀, ọwọ́ tó ń jù á dúró, á máa gbọ́. Oríkì ni kí a ka gbogbo ohun tí ọmọ jẹ́ sí i létí. Ohun tí ìjọba ní kí n ṣe ni pé kí n ka gbogbo ohun tí kò lè ṣe. Kò sì sí ibì kankan lórí ìwé náà tí mo ti lè kọ ọ́ pé ó ń gbọ́ oríkì. Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ. Mo fún ọkọ mi kó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ka ojú ewé kan, ó ní kí n lẹ àpò ìwé náà pa.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìdáhùn dé: 70, pẹ̀lú lẹ́tà H àti B. H ni ti ẹni tí kò lè ṣe láìsí ìrànlọ́wọ́ lójoojúmọ́; B fún un láyè láti mú ẹnì kan dání nínú ọkọ̀. Káàdì náà kò ju káàdì báńkì lọ, àwọ̀ ewé wà ní apá kan, àwọ̀ ọsàn ní apá kejì. Kò sí fọ́tò nínú rẹ̀ nítorí kò tíì pé ọmọ ọdún 10. Lẹ́tà tí àwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà wà lójú rẹ̀, ó yọ kókó-kókó. Àkànní fẹ́ràn ibẹ̀, ó máa ń fi àtàǹpàkò pa á lọ pa á bọ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà wà níbẹ̀, pé ẹni tó ni káàdì yìí jẹ́ aláàbọ̀ ara tí tirẹ̀ le. Ìyẹn nìkan ni màámi lè kà nínú gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì fi hàn wọ́n.

Bọ̀ọ̀dá mi, owó tí ẹ béèrè nìyí. Káàdì náà kì í san kọ́bọ̀ lóṣù. Nínú owó tí à ń rí lọ́dún, 7,400 Yúrò wà tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀ mọ́ nítorí Àkànní. Ọkọ̀ ìgboro di ọ̀fẹ́ fún un, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e kì í sanwó, títí kan ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn. Owó ìtọ́jú tí ẹ ń gbọ́ kò sí lábẹ́ káàdì yìí. Fọ́ọ̀mù mìíràn ni, ọ́fíìsì mìíràn ni, èèyàn mìíràn ló tún máa wá sílé wá wo ọmọ, tí mo tún máa jókòó ka ohun tí kò lè ṣe fún.

Lọ́dún tó kọjá, ó dùbúlẹ̀ sáàárín bọ́ọ̀sì. Wọ́n ń tún títì ṣe, ọkọ̀ wá gba ibòmíràn, kò sì lè fara mọ́ ọn. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Èrò kún inú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó sún mọ́ wa. Bàbá àgbàlagbà kan sọ ọ́ sókè pé àwọn òbí òde òní ò mọ ọmọ tọ́. Mo yọ káàdì, mo nà án sí i. Ó kà á, ó ní kí n má bínú, ó sì kọjú síta títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Káàdì ti bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi.

Ká ní Òṣogbo ni, ìyá mẹ́ta á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọ̀kan á gba báàgì, ọ̀kan á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ lára, ẹ̀kẹta á ní Ọlọ́run á wò ó sàn, á sì fún mi ní nọ́ńbà wòlíì rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àárò àwọn ìyá yẹn ń sọ mí, títí kan ẹni tó fẹ́ fún mi ní wòlíì. Ṣùgbọ́n wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ wọn. Ta ló máa jókòó tì í ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì? Níhìn-ín, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, láti ìgbà tí agogo bá lù títí wọ́n fi máa jáde. Fọ́ọ̀mù kẹta ló mú un wá.

Mi ò sọ pé ilé kò lófin fún àwọn aláàbọ̀ ara. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011, LASODA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn, sì ń forúkọ àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Mo kà á. Ohun tí mi ò rí ni ẹni tí mo lè kọ̀wé sí pé 40 yín yìí, mi ò gbà á, tó sì dá mi lójú pé yóò dáhùn. Àwọn iléèwé àdáni tó mọ iṣẹ́ náà wà, bọ̀ọ̀dá mi tíṣà ni ẹ̀yin náà, ẹ mọ̀ pé owó oṣù yín kò lè san án fún tàámù kan.

Nítorí Àkànní kọ́ ni mo ṣe kúrò nílé, wọn ò tíì bí i nígbà yẹn. Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi padà.

Ní 2028 ni káàdì yìí máa parí, ní ìparí oṣù tó bá pé ọmọ ọdún 10. Èyí tó kàn gbọ́dọ̀ ní fọ́tò. Kì í wo kámẹ́rà, kì í dúró sójú kan, torí náà a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Lánàá, ọkọ mi di fóònù mú, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń ki ọmọ mi. Àkànní dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó wo apá ibi tí ohùn ti ń bọ̀.