Ike wo la fi ń ṣe táńkì ẹja? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń lẹ̀ ẹ́

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sídìí iṣẹ́ kíkan táńkì ẹja àti sọ́ǹpù, ìyẹn àpótí omi tó wà nísàlẹ̀ táńkì tí pọ́ǹpù ti ń dá omi padà sókè, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí jù ni "Bọ̀dá, ike wo ló lágbára jù?" Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ béèrè ẹ̀, ẹ̀rù omi ń bà yín, ó sì yẹ kó bà yín. Àmọ́ ohun tí mo rí kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ṣíìtì ike fúnra ẹ̀ kì í sábà là láàárín, ojú ibi tí ṣíìtì méjì ti pàdé lomi ti ń wá ọ̀nà jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wádìí nípa ike ni pé kí ló ń lẹ̀ ẹ́? Tí mi ò bá rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn, bó ti wù kó lágbára tó, mi ò bá a dá nǹkan pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti omi ná. Gíga omi ló ń ti ògiri táńkì, kì í ṣe pípọ̀ ẹ̀. Ká ní táńkì kan gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tómi inú ẹ̀ ga ní 60, agbára tó ń ti ògiri iwájú nìkan tó ìwúwo 216 kílò. Ẹ wá gbé omi yẹn ga dé 120 láì fi kún gígùn ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa rò pé ó máa di ìlọ́po méjì, rárá o, ìlọ́po mẹ́rin ni, ó ti lé ní 860 kílò nìyẹn. Èyí tó dùn níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá sọ nínípọn ṣíìtì di ìlọ́po méjì, kò ní yọ ikùn ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi ike tó fúyẹ́ díẹ̀ ṣe sọ́ǹpù, torí sọ́ǹpù kì í ga. Ṣùgbọ́n ẹ má fi omi tó wà níbẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ ṣèṣirò, ọjọ́ tíná bá lọ gbogbo omi inú páìpù àti díẹ̀ nínú ti táńkì òkè máa ṣàn wálẹ̀, ibi tó bá ga dé lọ́jọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kàn án dè.

Ohun kan tún wà táwọn tó ń ka ìwé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike máa ń gbójú fò. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé acrylic, ìyẹn ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, lè fara da ìfà tó tó nǹkan bí 70 megapascal (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìfà) kó tó já. Òótọ́ ni, àmọ́ ti ìfà ìgbà díẹ̀ nìyẹn. Omi kì í sinmi, tọ̀sán tòru ló ń ti ògiri, ike sì máa ń rọra nà lábẹ́ ẹrù tí ò kúrò. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹrù ojoojúmọ́ ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó fi ṣíìtì tó fẹ́lẹ́ kan táńkì tó sì ń sọ pé ó ti gbomi dúró lóṣù kan, ẹ kí i, ẹ máa bá tiyín lọ.

Acrylic ló gba iwájú fún táńkì téèyàn máa wo inú ẹ̀, ìdí ni pé gọ́ọ̀mù ẹ̀ kì í ṣe gọ́ọ̀mù gidi. Olómi ni, ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn, tó bá gbẹ tán wọ́n ti di ọ̀kan. Ìwúwo ẹ̀ ò tó ìdajì ti gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀ kọjá tó 92 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sì í tètè pọ́n lójú oòrùn. Àléébù ẹ̀ ni pé yanrìn máa ń ha á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè fi sáńpépà àti páálíìṣì pa ojú ibẹ̀ rẹ́.

Oríṣi acrylic méjì ló wà o, ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀kan ni cast, èyí tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù, ìkejì ni extruded, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tì jáde. Extruded ò wọ́n tó cast, nínípọn ẹ̀ sì dọ́gba látòkè délẹ̀, ló bá ń wọ èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n ẹ fi ayùn gé e kẹ́ ẹ wò ó. Etí ẹ̀ á máa yọ́, á lẹ̀ mọ́ eyín ayùn, nígbà tó jẹ́ pé ti cast máa ń já bọ́ ní gbígbẹ bí ayùn bá mú dáadáa. Extruded tún máa ń ní ìfà nínú ara, tí gọ́ọ̀mù bá kan etí tẹ́ ẹ gé, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlù ú máa ń yọ síbẹ̀, ìyẹn la ń pè ní crazing. Fún táńkì, cast ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ìdérí tàbí ibi tí ò sí ẹrù, ẹ lè lo extruded.

Cast náà lè ní crazing tẹ́ ẹ bá fìyà jẹ ẹ́. Etí tí wọ́n fi lésà gé, tàbí tí wọ́n fi iná pa kó lè dán, iná yẹn ti kó ìfà sí i lára, bí gọ́ọ̀mù bá kàn án ó lè là wẹ́wẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ fá etí tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ láìdán.

Ẹ wo bá a ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ to ṣíìtì lé ara wọn, ẹ fi àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín wọn, kó ku àlàfo tí ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wá fi síríńjì abẹ́rẹ́ fa gọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo yẹn, ẹ ò ní tì í, fúnra ẹ̀ ló máa sáré wọlé, ẹ máa rí i tí ojú ìpàdé tó funfun bàù á máa mọ́ gaara bó ṣe ń lọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ojú ike rọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fa wáyà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìwúwo ṣíìtì òkè fúnra ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá kánjú yọ wáyà á rí afẹ́fẹ́ róbótó róbótó tó há síbẹ̀, ẹni tó bá sì fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ á ti gọ́ọ̀mù jáde tán, ojú ìpàdé á gbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé o, ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù yìí ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ methylene chloride nínú, èéfín ẹ̀ ò dáa fún èèyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má fi silicone, gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ táńkì gíláàsì, lẹ táńkì acrylic. Gíláàsì ni silicone fẹ́ràn, lára acrylic ẹ lè fi èékánná ṣí i kúrò. Àwọn kan máa ń fi acrylic dá yàrá sínú sọ́ǹpù gíláàsì tí wọ́n á fi silicone há a, ìyẹn ṣì lè dúró torí omi wà lápá méjèèjì, àmọ́ ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, torí acrylic ń mu omi, ó ń wú, ó sì lè ti gíláàsì títí á fi sán. Omi mímu yìí náà ló ń jẹ́ kí ìdérí acrylic ká etí sókè: ìsàlẹ̀ tutù, òkè gbẹ. Ẹ sáà yí i padà lóòrèkóòrè, tàbí kẹ́ ẹ fi ike mímọ́ míì tó ń jẹ́ polycarbonate ṣe é, òun ò mu omi tó bẹ́ẹ̀.

Polycarbonate yẹn ni gbogbo èèyàn ń pariwo pé ìbọn ò ràn án. Ta ló fẹ́ yìnbọn fún ẹja? Ó máa ń tẹ̀ ju acrylic lọ, ó tètè ń ha, ó sì ṣòro láti lẹ̀ ẹ́ kó mọ́ gaara. Ìdérí ni mo fi ń ṣe, ó parí síbẹ̀.

Fún sọ́ǹpù, PVC líle lèmi fẹ́ràn jù, èyí tó ní àwọ̀ eérú tàbí funfun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo inú sọ́ǹpù bíi fèrèsé, ẹ fi gíláàsì kékeré tàbí ike mímọ́ há iwájú tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa rí omi. PVC gba gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ojú ike, ó gba kéèyàn fi afẹ́fẹ́ gbígbóná jó o pọ̀ (welding), gbogbo páìpù àti ìdè páìpù tẹ́ ẹ fẹ́ dà mọ́ ọn náà jẹ́ PVC, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún PVC tó dà bíi fóòmù tó fúyẹ́, èyí tí wọ́n fi ń kọ pátákó ìpolówó, kì í ṣe fún ògiri. Ẹ sì yan irú tí wọ́n fọwọ́ sí fún omi mímu.

HDPE àti polypropylene, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti ike oúnjẹ, ni tiwọn, gọ́ọ̀mù lára wọn dà bí omi lórí ewé kókò, ó ń yọ̀ lọ ni. Jíjó nìkan ló mú wọn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó ike pọ̀ tó sì mọ̀ ọ́n lò, polypropylene á bá a ṣe sọ́ǹpù tó máa pẹ́. Ẹni tó kàn ra àpótí HDPE tó fẹ́ fi silicone dá yàrá sínú ẹ̀, yàrá yẹn á wó.

Igun tó mú, ọ̀tá gbogbo ike ni. Tẹ́ ẹ bá gé ihò sí òkè táńkì kí ọwọ́ lè wọlé, ẹ jẹ́ kí igun ihò náà rí róbótó, torí igun tó mú ni lílà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, spirit àti omi ìnugíláàsì tó ní ammonia, ẹ má jẹ́ kó débi acrylic.

Ẹ rántí táńkì AquaDom nílùú Berlin, acrylic ni, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lítà omi ló wà nínú ẹ̀ nígbà tó bẹ́ lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ẹja tó tó 1,500 sì wà níbẹ̀. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023 ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan kan pàtó ló fà á, àmọ́ mẹ́ta ni wọ́n fura sí: ojú ìpàdé tí wọ́n lẹ̀, ibi tí ìsàlẹ̀ ti ní àbùkù, àti pé ike náà gbẹ nígbà tí wọ́n da omi ẹ̀ nù láti tún un ṣe. Ìtàn yẹn ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ da omi táńkì acrylic nù kó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Kẹ́ ẹ tó gé ṣíìtì fún iṣẹ́ tuntun, ẹ mú ajákù méjì látara ẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fẹ́ lò lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi òòlù ṣẹ́ ẹ. Tó bá ṣẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti lẹ̀ ẹ́, tí ojú méjèèjì ń dán, ẹ tún gọ́ọ̀mù wò tàbí ọwọ́ yín. Tó bá fa ara ike ya, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Ẹ sì fi máákà kọ irú ike àti gọ́ọ̀mù sára ajákù náà kẹ́ ẹ tó jù ú sínú àpótí, torí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ gbogbo ike funfun ló máa jọra lójú yín.